Orin Ń Mú Ara Yá

Ẹ̀yin ìyá wa ní Bọ́ládé, Òṣòdì, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìjókòó pípẹ́ láìṣe eré ìdárayá wà lára ohun tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, fún ọjọ́ 5, ti pé e.

Bí ara bá ń wúwo, ẹ fi orin sí i. Ìlù a máa darí ẹsẹ̀, a sì máa mú ọkàn kúrò lórí àárẹ̀. Ẹ tan rédíò nílé, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jọ jó sí jùjú Sunny Adé tàbí fújì Barrister. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí kò jẹ́ kí ẹ lè kọrin, ẹ ti ṣe é dé ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rìn lẹ́bàá títì tàbí ojú irin Òṣòdì, ẹ má ṣe ki ẹ̀rọ orin bọ etí, kí ẹ lè gbọ́ fèrè ọkọ̀. Kí aláboyún àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè.

Ìlera loògùn ọrọ̀.