Ìhámọ́ra Kì Í Ṣe Ońdè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi àlọ́ Ìjàpá sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ, ìlú Éfésù ló sì ti ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ìlú olówó ni Éfésù, ìlú òrìṣà ni. Ojúbọ Átẹ́mísì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méje tí aráyé ìgbà náà ń ròyìn kiri pé kò sírú ẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ báyìí, òpó kan ṣoṣo lẹ máa bá lórí ìdúró.

Àmọ́ òkìkí oògùn Éfésù kò kéré sí ti òrìṣà rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ọ̀rọ̀ Éfésù. Ẹni tó ń pè é gan-an kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á dè é mọ́ra. Àwọn Gíríìkì ní ìtàn kan nípa rẹ̀. Ọmọ Éfésù kan lọ ja ìjàkadì ní Olympia, ọmọ Mílétù ni wọ́n sì fi kò ó lójú. Ọmọ Mílétù gbé e, kò gbé. Ó tì í, kò mì. Àfìgbà tí wọ́n rí ohun tó dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n já a kúrò. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń nalẹ̀. Wọ́n ní ìgbà 30 ló ṣubú léraléra. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń de oògùn mọ́ ẹsẹ̀ ni?

Irú ìlú tí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù wọ̀ nìyẹn, ó sì lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀. Ọlọ́run ti ọwọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá, débi pé bí aṣọ ìnujú tó kan ara rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, àìsàn á yọwọ́. Àwọn ọkùnrin méje kan wà nítòsí tí wọ́n ń wò ó. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n, Síkéfà ni bàbá wọn ń jẹ́, lílé ẹ̀mí èṣù jáde ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ jẹun kiri. Wọ́n rí i pé orúkọ Jésù ń jẹ́ lẹ́nu Pọ́ọ̀lù. Àwọn náà bá fi kún ògèdè wọn. Wọ́n wọlé tọ ọkùnrin kan tí ẹ̀mí búburú ń dà láàmú, wọ́n ní Jésù tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù rẹ̀ làwọn fi pàṣẹ fún un.

Ẹ̀mí náà fèsì. Ó ní òun mọ Jésù, òun mọ Pọ́ọ̀lù náà, àmọ́ àwọn wọ̀nyí, ọmọ ta ni wọ́n? Wọn ò tíì rí ohun tí wọ́n máa wí tí ọkùnrin náà fi fò mọ́ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo sí èèyàn méje! Ó lù wọ́n bí ẹní lu bàrà, ó fa aṣọ ya lára wọn, wọ́n sì já sí ìgboro ní ìhòòhò ọmọlúàbí, ẹ̀jẹ̀ lára. Ẹ má gbàgbé ìhòòhò yẹn o, mo ṣì máa lò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kárí ìlú, jìnnìjìnnì sì bo gbogbo èèyàn. Àwọn tó wá jẹ́wọ́ nígbà náà kì í ṣe abọ̀rìṣà. Àwọn tó ti gba Jésù gbọ́ ni. Wọ́n ń kọrin ní ìpàdé, ìwé oògùn sì wà nínú àpótí nílé, bóyá ọjọ́ kan á rọ̀. Wọ́n kó o jáde, wọ́n dáná sun ún níṣojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ṣírò owó rẹ̀, ó jẹ́ 50,000 owó fàdákà, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe. Ká ní ìjọ tiwa ni, ìgbìmọ̀ ì bá kọ́kọ́ jókòó wò ó bóyá ká tà á, ká fi kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku ìbéèrè kan. Ẹni tó sun oògùn rẹ̀ tán, tó sì ń gbé láàárín àwọn tí kò sun tiwọn, kí ni yóò máa fi bora? Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni Pọ́ọ̀lù kọ ìwé sí ará Éfésù, ó sì sọ̀rọ̀ ìhámọ́ra. Ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tó ń kọ ọ́. Àwọn baba ìjọ gbà pé Róòmù ni, níbi tí ọmọ ogun kan ti ń ṣọ́ ọ nínú ilé tó háyà. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogun yẹn. Àmùrè awọ wà ní ìdí rẹ̀, irin bo àyà rẹ̀, àṣíborí wà lórí. Irin ni wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Apata rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n fi awọ bò, ó tẹ̀ bí igbá, ó sì gùn tó láti bò ó láti èjìká dé orúnkún. Idà rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ló mú.

Pọ́ọ̀lù mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi orúkọ mìíràn pè é. Òtítọ́ ni àmùrè. Òdodo ni ìgbàyà. Ìmúrasílẹ̀ láti mú ìhìn àlàáfíà lọ ni bàtà. Ìgbàgbọ́, ìgbàlà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kò sí èyí tí a lè rán mọ́ awọ nínú wọn. Kò sí èyí tí èèyàn lè dì sápò lọ sọ́jà, kó máa purọ́ lọ, kó sì máa retí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ara Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni wòlíì Àìsáyà ti kọ́kọ́ rí ìgbàyà òdodo àti àṣíborí ìgbàlà, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú Pọ́ọ̀lù. Aṣọ Bàbá ni wọ́n ní kí ọmọ wọ̀.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta gàárì. Ní ìsọ̀ wọn, òòlù ni wọ́n fi ń lu ìdí kóńgò wọlé, kó rí bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí gàárì tó wọnú ẹ̀ má baà pọ̀. Bí ẹ bá tọ ìka bọ inú rẹ̀, ẹ máa fọwọ́ bà á. Ìyá yìí kò lu tirẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀mí mímọ́ rẹ̀ ń jẹ owó. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fa ìjà, àwọn àgbà ọjà sì ní kí oníkálukú da kóńgò rẹ̀ dé, kí wọ́n wo ìdí rẹ̀. Ojú ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ náà, àwọn tí wọ́n ń ta òróró àdúrà sára ọjà wọn láràárọ̀ sì wà nínú wọn. Àwọn ọmọ Síkéfà rèé ní ìhòòhò! Aṣọ kò bọ́ nídìí ìyá yẹn ní tirẹ̀, torí àmùrè rẹ̀ le.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òróró o. Aládùúrà ni mí, omi àdúrà ni wọ́n fi wò mí ní kékeré. Ohun tí mo ń sọ ni pé a máa ń sun ońdè, ká sì tún fi Sáàmù rán òmíràn. Lọ́dún 1930, nígbà ìsọjí Òkè-Òòyè ní Iléṣà, ibi tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ń gbàdúrà fún àwọn èèyàn, oògùn tí wọ́n kó jáde láti ilé wọn kò kéré. Babalọlá yìí, ọkọ̀ tó ń tẹ títì ló ń wà, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tí ìpè fi dé bá a lọ́dún 1928. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé tó sun ti àná ni kò ní òmíràn lábẹ́ ìrọ̀rí lónìí: orúkọ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹni tó gbé Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí tí kì í ṣí i, ẹ wí fún mi, kí ló fi yàtọ̀ sí ọmọ Éfésù tó lọ sí Olympia?

Àbúrò yín bi mí lọ́jọ́sí pé, bí ìhámọ́ra náà bá lágbára, kí ló dé tí kò yọ Pọ́ọ̀lù kúrò lẹ́wọ̀n? Ìbéèrè àgbà ni. Pọ́ọ̀lù parí ọ̀rọ̀ ìhámọ́ra yẹn pẹ̀lú àdúrà, ó sì bẹ ará Éfésù pé kí wọ́n rántí òun nínú rẹ̀. Kò ní kí wọ́n gbàdúrà kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ já. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà kí òun lè la ẹnu sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, bó ti wà nínú ìdè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Babalọlá náà nìyẹn. Ó wàásù ní ìlú Ọ̀tùó, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń sọ̀rọ̀ lòdì sí àjẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lọ́dún 1932. Wòlíì tí arọ ń tipasẹ̀ àdúrà rẹ̀ rìn ṣe ẹ̀wọ̀n pé. Nígbà tó jáde, ọkùnrin kan ti Creek Town ní apá Calabar wá pè é pé kó wá ran àwọn lọ́wọ́, ó sì tẹ̀lé e lọ wàásù.