Ìwé Àṣẹ Ìwakọ̀ àti Iṣẹ́ Tuntun

Ẹni tí ń lọ sí ogun kì í dúró di ojú ogun kí ó tó wá ọfà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún ẹni tí ń fi ọkọ̀ wíwà jẹun. Síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ Yorùbá kan tàbí méjì, nínú àwọn tí ń ṣe dírẹ́bà ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú mìíràn tí ó jìnnà sí ilé, ni kì í wo ọjọ́ tí a kọ sára ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ títí ọ̀gá tuntun yóò fi béèrè rẹ̀.

Bí ọ̀ràn náà ti máa ń rí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Dírẹ́bà kan lè ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sì béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lójijì, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò dé. Wọn yóò ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tí ń bọ̀, kí ó sì mú láísẹ́ǹsì dání. Nígbà tí ó bá yọ ọ́ wò, yóò rí i pé ó ti kọjá àkókò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ó sì kù.

Irú àkókò yìí ni alárinà máa ń yọjú. Yóò ní kí ẹni náà mú owó wá, kí ó má wulẹ̀ dé ọ́fíìsì kankan, pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, láísẹ́ǹsì ti dé. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀. Ìwé tí a gbà láì tẹ̀ka kì í sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó sì máa ń yẹ nọ́ńbà ara láísẹ́ǹsì wò kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́. Bí àṣírí bá tú, iṣẹ́ bọ́, ẹjọ́ sì lè tẹ̀ lé e. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti san owó, nítorí pé ẹni tí ó wa ọkọ̀ kò ní àṣẹ láti wà á.

Àwọn kan rò pé ìlú tí àwọn ti gba ìwé lákọ̀ọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ti lè tún un ṣe, wọ́n a sì máa dúró de ọdún iléyá tàbí Kérésìmesì kí wọ́n tó lọ sílé. Èyí kò pọn dandan. Oṣù Kejì ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí Àjọ náà ti sọ láísẹ́ǹsì di ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tí a gbà ní Ìbàdàn ń ṣiṣẹ́ ní Màídúgùrì.

Ẹni tí ó fẹ́ tún tirẹ̀ ṣe yóò kọ orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò san owó tí ìjọba là sílẹ̀ fún ọdún 3 tàbí ọdún 5, yóò sì fúnra rẹ̀ lọ sí ibùdó tí a ti ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti yà á ní fọ́tò, tí yóò sì tẹ̀ka. Iṣẹ́ àjọṣe ni fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àwọn V.I.O. àti ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀. Ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì rí ni òfin ní kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀.

Ó yẹ kí á wo lẹ́tà tí ó wà lára ìwé náà pẹ̀lú, nítorí pé irú ọkọ̀ tí ènìyàn lè wà ni ó ń tọ́ka sí. A wà fún alùpùpù, G sì wà fún tírélà. Ẹni tí ń ti orí ọkọ̀ kékeré bọ́ sí orí tírélà kò gbọdọ̀ rò pé ìwé àtijọ́ tó.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn ti máa ń le jù fún ọmọ Yorùbá ní ìdálẹ̀ ni orúkọ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN ni wọ́n fi ń ṣe láísẹ́ǹsì báyìí. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá lè ti kọ Ọláwálé ní Ọláwọlé. Ẹlòmíràn lè ti fi orúkọ mọ́sálásí sí ibì kan, kí ó fi orúkọ ilé sí ibòmíràn. Obìnrin lè ti fi orúkọ ọkọ rọ́pò ti bàbá. Bí NIN, láísẹ́ǹsì àti ìwé ẹ̀rí kò bá bá ara wọn mu, ọ̀gá tuntun yóò fura, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Àtúnṣe NIN ń gba àkókò, ti ọjọ́ ìbí sì ń náni lówó ju ti orúkọ lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n kò ní dúró de lẹ́tà iṣẹ́. Bí ó bá ku oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ìwé rẹ̀ kọjá àkókò, kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2011, ìwé ìgbà díẹ̀ ni àìmọye awakọ̀ fi rìn fún oṣù púpọ̀ kí káàdì gan-an tó dé; ìyẹn ti tó láti kọ́ni lọ́gbọ́n. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó gbé ni dé àjò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí ó kọjá lára ìwé kékeré gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín.