Àlàárì: Orúkọ Òwú Tí Ó Di Orúkọ Àwọ̀

Bí olùkọ́ kan ní Ṣágámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́ bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dárúkọ àwọn àwọ̀ tí ó wà nínú èdè Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ka mẹ́ta kí wọ́n sì dákẹ́: funfun, dúdú àti pupa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi sọ èyí tí ó kù. Láti ọdún 1969 tí Brent Berlin àti Paul Kay ti tẹ ìwé wọn lórí orúkọ àwọ̀ nínú àwọn èdè ayé, àwọn onímọ̀ ti ń to èdè sí ìpele-ìpele gẹ́gẹ́ bí iye orúkọ àwọ̀ tí ó ní, èdè olórúkọ mẹ́ta kò sì jìnnà sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí pé ọmọ tí a bá kọ́ pé èdè rẹ̀ kò ní orúkọ fún ohun tí ojú rẹ̀ ń rí yóò gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a fi dán ìdájọ́ náà wò ni àlàárì. Mẹ́ta ni àgbà nínú aṣọ òkè. Sányán, tí wọ́n ń pè ní baba aṣọ, ni a ń fi òwú ilé kòkòrò inú igbó hun, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti iyanrìn. Ẹtù gba orúkọ lára ẹyẹ ẹtù, nítorí pé aró rẹ̀ tí ó kún, pẹ̀lú ìlà tín-tìn-tín inú rẹ̀, jọ ìyẹ́ ẹyẹ náà. Ẹ̀kẹta ni àlàárì, aṣọ pupa tí ó jinlẹ̀.

Al-harir ni àwọn Lárúbáwá ń pe ṣẹ́dà. Àwọn Haúsá gbà á, ó di alharini lẹ́nu wọn; nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, a gé ìparí rẹ̀, a sì gbé h inú rẹ̀ mì. Ọ̀nà kan náà ni àlùbọ́sà gbà wá. Ẹni tí ó bá rò pé inú àlà ni a ti yọ àlàárì yóò ní láti ṣàlàyé bí aṣọ funfun Ọbàtálá ṣe di pupa. Ṣẹ́dà pàápàá kì í ṣe ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ Pọtogí ni. Ohun kan ṣoṣo ni, ó gba aṣálẹ̀ wọlé pẹ̀lú orúkọ kan, ó sì gba òkun wọlé pẹ̀lú òmíràn.

Nígbà tí Heinrich Barth dé Kánò ní ọdún 1851, ó rí i pé ṣẹ́dà tí àwọn oníṣòwò ń fi ràkúnmí kó wá láti Tírípólì wà lára ọjà pàtàkì ìlú náà. Irú òwú bẹ́ẹ̀, tí a ti rẹ ní pupa kí ó tó dé, ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Yorùbá. Nítorí náà, òwú ni àlàárì kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó di orúkọ aṣọ tí a fi òwú náà hun. Ní ọdún 1911, ojú irin láti Èkó dé Kánò, òwò orí ràkúnmí sì rọ̀. Ṣẹ́dà àtijọ́ wọ́n, àwọn ahunṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú lásán tí a rẹ ní pupa rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó yá, òwú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀ orúkọ náà kò kú. Aṣọ tí kò ní fọ́nrán ṣẹ́dà kan nínú ń jẹ́ àlàárì nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lára òwú tí ó bọ́ sára àwọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni scarlet àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ onírun àgùntàn olówó iyebíye ni ó jẹ́ ní ayé àtijọ́, a sì ń rí scarlet funfun àti èyí tí ó ní àwọ̀ ewé. Nítorí pé àwọ̀ pupa tí wọ́n ń rí lára kòkòrò kan ni ó gbówó lórí jù, òun ni ó borí, orúkọ aṣọ sì di orúkọ àwọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fi èyí bu Gẹ̀ẹ́sì kù.

Berlin àti Kay kò ní ka àlàárì kún orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀. Wọ́n ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ sórí ìwọ̀nba ohun díẹ̀. Wọ́n sì ń fura sí èyí tí ó jẹ́ orúkọ ohun kan tẹ́lẹ̀ àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Òfin náà kò burú fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àṣìṣe àwọn tí ó ń tún un sọ ni pé wọ́n sọ "ìpìlẹ̀" di "gbogbo". Èdè tí ó ní aró, àlàárì àti elésè àlùkò inú Bíbélì, tí ó sì ń ya pupa yòò sọ́tọ̀ kúrò lára pupa rúsúrúsú, kò fọ́jú sí àwọ̀.

Àlàárì tilẹ̀ ti ń pàdánù ibi tí ó dé. Nígbà ìgbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́ tí ń yan aṣọ ẹbí a máa pe àwọ̀ náà ní wáìnì, bí ẹni pé ohun mímu òkèèrè sún mọ́ Yorùbá ju aṣọ bàbá wọn lọ.

Ọjà obì ní Ṣágámù fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí hàn. Gbànja pẹ̀lú gba orúkọ lọ́nà òwò, nítorí pé Gonja, ní àríwá orílẹ̀-èdè tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Bí a bá la awẹ́ rẹ̀, a ó rí èyí tí ó funfun, a ó sì rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àlàárì rárá. Àwọn ìyálọ́jà mọ àwọ̀ yìí dáadáa, wọ́n sì ń wọ aṣọ rẹ̀ lọ sí òde. Ṣùgbọ́n obì pupa ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní obì àlàárì.