Láàrin Agogo Ilé-ìwé àti Fèrè Káńpù: Bí Òmìnira Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ṣe Dé Ìlíṣàn

Ìdánwò ní òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà, ìsìnlú àwọn àgùnbánirọ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Àárín méjèèjì ni òfin dákẹ́ lé lórí. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, láti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbé bírò sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ títí di ọjọ́ tí yóò gbé àpò rẹ̀ wọ káńpù, ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí máa jí láàárọ̀ láìsí ẹni tó ti pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ òbí ń pè é ní àkókò àfiṣòfò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tuntun ni òmìnira yìí láàrin wa, kò sí ẹni tó jókòó ṣètò rẹ̀, àwọn ìpinnu tí ìjọba ṣe nítorí ọ̀ràn mìíràn ló bí i. Ṣùgbọ́n ó wúlò ju bí a ti rò lọ, ó sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Kò sí irú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ gíga kọ́kọ́ dé Ìlíṣàn. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959 ni ìjọ Seventh-day Adventist ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní Adventist College of West Africa síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méje péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n sì wá kọ́. Ẹni tó bá wá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ibi tí òun ń lọ kó tó dé, nítorí pé iṣẹ́ ìjọ ń dúró dè é. Ní ọdún kan náà ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Ashby kalẹ̀ pé kó wo irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà tó fẹ́ gba òmìnira máa nílò. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1960, kókó rẹ̀ sì ni pé àwọn tó kàwé jinlẹ̀ kò tó rárá. Àwọn òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, àga wọn ń ṣófo nínú ọ́fíìsì. Lásìkò yẹn, iṣẹ́ ló ń wá ẹni tó gboyè ní Ìbàdàn kiri. Ilé-iṣẹ́ ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ owó oṣù kó tó kọ ìdánwò tán. Àwọn ẹbí a máa se ìnáwó, wọ́n a pa ẹran, wọ́n a jó. Àmọ́ bí ìnáwó bá ti parí, iṣẹ́ yá. Nítorí náà, bí àgbàlagbà ìran yẹn bá ń bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ léèrè pé kí ló ń ṣe nílé, ká má bínú sí i. Kò sí àlàfo bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ̀.

Ogun abẹ́lé ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi Òfin 24 dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó gboyè lè lọ sin orílẹ̀-èdè wọn fún ọdún kan ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, kí Yorùbá lè mọ Hausa, kí Ìgbò lè mọ Tiv. Yunifásítì mẹ́fà péré ló wà ní Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ẹ̀hónú hàn sí ètò náà, ṣùgbọ́n ìjọba kò yí ọkàn padà. Ìṣọ̀kan ni wọ́n ń wá. Ohun tí wọn kò fiyè sí ni pé wọ́n ti gbé ìjọba sáàrin ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jáde tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kò lè fi ìwé yunifásítì nìkan wá iṣẹ́ tó lórúkọ. Wọ́n á ní kó mú ìwé ìsìnlú wá.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kò pọ̀, pípè wọn kò nira. Ṣùgbọ́n yunifásítì ń pọ̀ sí i. Ní 1999 ni ìjọba fún yunifásítì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní àṣẹ: Igbinedion ní Òkàdà, Madonna ní Òkíjà, àti Babcock, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ Ìlíṣàn dà, tí wọ́n fi orúkọ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan, David C. Babcock, pè, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ náà ní Nàìjíríà ní 1914. Lónìí, yunifásítì Nàìjíríà ti ju 200 lọ. Káńpù kò lè gba gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n bá ń pín wọn sí ọ̀wọ́ A, B àti C, wọ́n sì tún ń pín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Sẹ́nétì ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí èsì ìdánwò, kí wọ́n tó fi orúkọ ránṣẹ́, kí ìwé ìpè tó jáde. Inú ìdúró yìí ni òmìnira tí à ń sọ ti yọjú.

Bó ṣe rí lára ọmọ Babcock le ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí ilé-ìwé náà kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìlànà. Inú ọgbà ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìsìn ní àkókò tirẹ̀, Sábáàtì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó parí. Èmi kò sọ èyí láti bu ilé-ìwé náà kù. Ìlànà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí torí rẹ̀ mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ọdún rẹ̀. Ọmọ tó wọ ilé-ìwé gírámà onílé gbígbé ní ọmọ ọdún 11, tó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 16 tí JAMB fi àyè gbà, tó jáde ní ọmọ ogún ọdún, ti lo bí ọdún mẹ́sàn-án lábẹ́ agogo. Tó bá sì dé káńpù, fèrè sójà ni yóò máa jí i kí ilẹ̀ tó mọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé funfun àti kákí. Káńpù Ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ ní Ṣàgámù, kò jìnnà sí Ìlíṣàn rárá. Láàrin agogo àti fèrè, àwọn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí nìkan ló jẹ́ ti ọmọ náà. Bó bá sùn di ọ̀sán ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, tó lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà, tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn ní Èkó, tó jókòó ti ẹni tó ń rán aṣọ tàbí ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì nítorí pé ó wù ú, òun ló yàn án. Yíyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu kọ́ni.

Àṣà tiwa gan-an ló jẹ́rìí sí i. Bí ọmọ iṣẹ́ bá parí ọdún rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀, onídìrí tàbí mẹkáníìkì, wọ́n á ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Òbí á gbé oúnjẹ àti ẹlẹ́rìndòdò wá, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ á pé, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì fi ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá wù ú kó tún sin ọ̀gá rẹ̀ díẹ̀ sí i, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni. Bó bá sì fẹ́ wá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Ẹnikẹ́ni kò pe ìnáwó yẹn ní àṣedànù, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó ti pẹ́ lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn nílò kí ó mọ̀ ọ́n lára pé àṣẹ náà ti tán. Yunifásítì ń fúnni ní oyè, kì í fúnni ní fírídọ̀ọ̀mù. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa fi ń wọ ẹ̀wù funfun lọ́jọ́ ìdánwò ìkẹyìn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọ orúkọ sí i lára, tí wọ́n ń pè é ní sáìn-áòtù. Àwọn àgbà ń wò ó bí ìwà ìpátá. Lójú tèmi, àwọn ọmọ náà ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó bá wọn ṣe.

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń rí lò, pé ọmọ tí kò ní agogo ni àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fà mọ́ra. Ewu náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òmìnira tí òbí ń sá fún kò ní ṣàì dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú káńpù, wọ́n lè pín ọmọ náà sí Sókótó tàbí Cross River, ní ibi tí kò ti mọ ẹnì kan, pẹ̀lú 77,000 náírà lóṣooṣù tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 2025. Èwo ló sàn, kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe òmìnira nílé, níbi tí ìyá rẹ̀ ti lè pè é jókòó, àbí kó jẹ́ lọ́hùn-ún?

Àtakò kejì wúwo jù ú lọ: pé òmìnira ọmọ olówó ni mò ń gbè lẹ́yìn. Owó ilé-ìwé Babcock kì í ṣe owó kékeré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde mìíràn sì wà tí àbúrò wọn ń retí owó ìdánwò WAEC lọ́wọ́ wọn. Òtítọ́ ni, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà náà ń dúró de ìwé ìpè kan náà. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ìwé ìsìnlú kò ní gbà á síṣẹ́ ṣáájú ọmọ olówó. Bó bá lọ tajà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàrin ìgbà náà, kò sófin tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, yíyàn tirẹ̀ náà nìyẹn. Ohun tó ń dẹ́rù ba òbí gan-an ni àìríṣẹ́ṣe, èyí tó sábà máa ń dé lẹ́yìn ìsìnlú, tí kò sì sẹ́ni tó mọ òpin rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ní òpin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọmọ náà kì í mọ ọjọ́ òpin yẹn títí yóò fi dé tán. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù mẹ́rin ló kù kò lè bá oníṣẹ́ kankan ṣàdéhùn, kò lè rìnrìn àjò tó jìn, orí fóònù ni yóò máa wà tí yóò máa wo bóyá ìwé ìpè ti jáde. Èyí kò nílò owó láti tún ṣe. Kí Sẹ́nétì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kéde ọjọ́ tí yóò fọwọ́ sí èsì, kí àjọ àgùnbánirọ̀ sì kéde ọjọ́ ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí wọ́n má sì yẹ̀ ẹ́.