Lẹ́tà ń ṣe bàìbàì lójú kọ̀ǹpútà yín? Ẹ má tíì ra mọ́nítọ̀ mìíràn

Bí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, tí òwò sì ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, àwọn oníbàárà á ti tò sí iwájú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti Ojúẹlẹ́gba títí dé Yábàá. Ẹni kan fẹ́ tẹ lẹ́tà tí yóò fi wá iṣẹ́, ẹni kejì fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe ìnfọ́ísì, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó sì ti gbé ìwé àṣekágbá rẹ̀ dé láti Àkọkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà dáadáa. Ó ti na ọrùn síwájú bí ẹni tó ń wo inú kànga, ó di ojú kan, ó la èkejì, ó tún ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan kó má baà fò ó. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í ka èyí sí nǹkan kan. Wọ́n á ní ṣebí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ pé oníbàárà kan tó ń ta páálí ní Múṣìn ní kí wọ́n kọ ₦186,500 sínú ìnfọ́ísì òun. Lójú kọ̀ǹpútà tí kò mọ́, 6 àti 8 fẹ́ jọ ara wọn, 3 náà sì fẹ́ di 8. Wọ́n tẹ ₦188,500, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sanwó. “Bùrọ̀dá, ẹgbẹ̀rún méjì náírà tó lé yìí, ti ta ni?” ni ìyẹn yóò kọ́kọ́ bi í. Àlàyé tí oníbàárà yìí bá ṣe lọ́jọ́ náà, tìtìjú-tìtìjú ni. Bó bá sì jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n ṣì tẹ̀, owó lè má wọlé rárá. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í jà, ó kàn máa ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì ni.

Ti àwọn tó ń ṣe ìwé ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣètò iṣẹ́ tán lórí kọ̀ǹpútà, Ṣómólú ni wọ́n ń gbé e lọ fún títẹ̀. Èdè Yorùbá kò ṣeé kọ láìsí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Àmì yìí kéré gan-an. Níbi tí lẹ́tà kò bá ti já gaara, ó lè dà bí eruku lójú kọ̀ǹpútà, ó sì lè má hàn rárá. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò yóò ní ó wà níbẹ̀ nígbà tí kò sí. “Ọkọ ìyàwó” wà lára ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àmì abẹ́ rẹ̀ sọnù. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó lè dà, kò sì sí ìdílé tó fẹ́ kà á nínú ìwé ìgbéyàwó níwájú àna. Bí wọ́n bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan jáde kí wọ́n tó rí i, ta ni yóò san owó páálí àti íǹkì?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀ báyìí, ohun méjì ló sábà máa ń wá sọ́kàn ọlọ́jà: bóyá ojú ẹni tó ń tàìpù ni kò dára, tàbí mọ́nítọ̀ ti gbó. Wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n á ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn, wọ́n á gbé e dé, wọ́n á so ó, lẹ́tà á tún máa ṣe bàìbàì bíi ti tẹ́lẹ̀. Owó ti lọ. Ìdí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe mọ́nítọ̀ ló ṣẹ̀, bí wọ́n ṣe to kọ̀ǹpútà náà ni.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín ojú, mọ́nítọ̀ àti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì ju owó bébà kan lọ. Ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde láti inú pírǹtà. Bí lẹ́tà bá já gaara lórí bébà, a jẹ́ pé iṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò ní àbùkù. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń tàìpù gbé bébà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ mọ́nítọ̀, kó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kó sì kà á. Bó bá rí bébà kà dáadáa ṣùgbọ́n tí kò rí ti ojú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lọ bá kọ̀ǹpútà. Bí kò bá rí méjèèjì kà, ẹ̀rọ kọ́ ló ń dààmú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ojú rẹ̀ lè má fẹ́ gbé nǹkan tó wà nítòsí mọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe àrùn. Dókítà ojú ló yẹ kó rí i. Ẹni tó wà ní agbègbè Múṣìn àti Sùúrùlérè kò jìnnà sí Guinness Eye Centre tó wà nínú ọgbà LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ó di orí kọ̀ǹpútà wàyí. Ohun tó ń fa bàìbàì jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní resolution. Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ tí gbogbo ènìyàn ń lò báyìí, àwọn àmì tíntìntín tí iye wọn kò lè yí padà ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ínṣì 15 nínú àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́ sábà máa ń ní 1,024 ní ìbú àti 768 ní òòró. Ínṣì 17 máa ń ní 1,280 àti 1,024. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní 1,366 àti 768, àwọn tó tún jẹ́ tuntun sì ní 1,920 àti 1,080. Bí kọ̀ǹpútà bá fi àwòrán tó jẹ́ 800 ránṣẹ́ sí ojú tó ní 1,024, ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ fi ẹja mẹ́rin bọ́ èèyàn márùn-ún. Yóò gé díẹ̀ lára ti ẹni yìí, yóò fi kún ti ẹni yẹn. Gígé yìí ló ń jẹ́ kí etí lẹ́tà máa ṣàn wọ inú ara wọn.

Àwọn mọ́nítọ̀ alábọ́ǹbọ́ tó dà bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa àwòrán kò so mọ́ iye kan pàtó. Nígbà ayé wọn, ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà tóbi kàn máa ń dín resolution kù sí 800 àti 600 ni, kò sì sí wàhálà. Ní nǹkan bí ọdún 2003 sí 2008 tí mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbòde, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé àṣà yẹn tẹ̀ lé e. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà tóbi, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́.

Ẹ tún má gbàgbé fọ́máàtì. Kọ̀ǹpútà kó fáírọ́ọ̀sì, ẹ̀njíníà àdúgbò wá, ó nu gbogbo inú rẹ̀, ó fi Windows tuntun sí i, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò fi dráífà tí ń darí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Láìsí dráífà yìí, Windows kò mọ irú káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, yóò sì máa lo èyí tó bá rí. Láyé Windows XP, ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò kàn rí i pé gbogbo nǹkan tóbi gbàǹgbà-gbàǹgbà, wọ́n sì ń ṣe bàìbàì. Nínú Windows 10 àti 11, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ wo abẹ́ Display adapters. Bó bá jẹ́ “Microsoft Basic Display Adapter” ni ẹ rí níbẹ̀, ẹ̀njíníà yín kò tíì parí iṣẹ́. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkó ju ìlú mìíràn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nítorí òwò tòkunbọ̀. Ní 2005, Basel Action Network, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti kíkó pàǹtírí olóró láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, gbé ìròyìn kan jáde nípa Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ ìlú náà lóṣooṣù, àti pé èyí tí kò ṣeé tún ṣe tàbí tà nínú wọn lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Èyí tó ṣeé tà pàápàá, ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ ti wá, ọ̀tọ̀ ni ibi tí mọ́nítọ̀ ti wá. Èkó ni wọ́n ti pàdé. Ẹnikẹ́ni kò sì jókòó bá wọn ṣètò bí wọn yóò ṣe gbọ́ ara wọn yé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máósì tẹ ibi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, ẹ yan “Display settings”, kí ẹ wá Display resolution. Iye tí wọ́n bá kọ “Recommended” sí ni kí ẹ mú. Bí lẹ́tà bá wá kéré jù, ẹ má dá a padà. Ẹ lọ sí “Scale” tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ gbé e láti 100 sí 125. Lẹ́tà yóò tóbi, kò sì ní ṣe bàìbàì. Ó dára kí ẹ jáde nínú Windows, kí ẹ tún wọlé, kí ó lè dé ibi gbogbo. Fún ẹni tó kàn fẹ́ fẹ ìwé tó ń tẹ̀ lójú, kó di Ctrl mú, kó yí táyà àárín máósì.

Ẹ̀kejì ni ClearType. Àmì tíntìntín kọ̀ọ̀kan tó wà lójú mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ, mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. ClearType máa ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti fi fá etí lẹ́tà kó lè dán. Microsoft kéde rẹ̀ ní 1998. Ó wà nínú Windows XP tó jáde ní 2001, àmọ́ wọ́n pa á síbẹ̀ ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń tan án. Ìgbà tí Windows Vista dé ní 2007 ni wọ́n tó tan án fún gbogbo ènìyàn. Ìyẹn ni pé fún ọdún mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń wo lẹ́tà hágahàga nígbà tí oògùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ kan náà. Ẹni tó ṣì ń lo XP nídìí òwò lónìí ní ìṣòro tó ju ti lẹ́tà lọ, torí láti oṣù kẹrin 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ àbò rẹ̀ dúró. Nínú Windows 10 àti 11, ẹ tẹ ClearType sínú àyè ìwádìí, ẹ yan “Adjust ClearType text”. Yóò máa gbé àpẹẹrẹ lẹ́tà wá, ẹ máa mú èyí tó mọ́ jù lójú yín. Ẹni tó ń tàìpù gan-an ni kó jókòó yan án, kì í ṣe ọ̀gá.

Lórí ti Yorùbá, ohun kan tún wà tó yàtọ̀ sí bàìbàì. Nínú ètò Unicode, ẹ àti ọ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ́ tó ní àmì ohùn lórí kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń gbé àmì ohùn lé wọn lórí fúnra rẹ̀. Bí fọ́ǹtì tí ẹ ń lò kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Kò sí ClearType tó lè tún ìyẹn ṣe, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì ni.

Wáyà náà ń dá kún un. Èyí tí orí rẹ̀ máa ń jẹ́ búlúù, tó ní ẹsẹ̀ 15, VGA ni. Bí kò bá wọlé dáadáa, lẹ́tà máa ń ní òjìji lẹ́yìn. Ẹ mú un le, kí ẹ tẹ bọ́tìnì “Auto” tó wà lára mọ́nítọ̀. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní ojú HDMI, ẹ lo ìyẹn.

Àwọn tó ra láptọ́ọ̀pù tuntun lè rí i pé gbogbo nǹkan já gaara àyàfi ètò ìṣirò owó kan tó ti pẹ́. Ètò náà kò mọ̀ pé Scale ti kúrò ní 100. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ àmì rẹ̀, ẹ yan Properties, ẹ wọ Compatibility, kí ẹ ṣí “Change high DPI settings”, kí ẹ sì sàmì sí “Override”. Bí láptọ́ọ̀pù bá sì ṣókùnkùn ní kété tí iná tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní NẸ́PÀ bá lọ, bátìrì ló ń ṣọ́ lò, kò bàjẹ́.

Mọ́nítọ̀ tó gbó wà lóòótọ́ o. Iná tó wà lẹ́yìn àwọn pẹlẹbẹ àtijọ́ máa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí funfun rẹ̀ á fi di bí omi ẹ̀kọ. Ìyẹn kò ní oògùn. Bó bá jẹ́ rírà ni, ẹ má sanwó nítorí pé iná rẹ̀ tàn. Ẹ ní kí òǹtajà so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, kó fi resolution sí Recommended, kó ṣí ojú ìwé funfun kan nínú Word, kó sì tẹ 3, 6, 8, ẹ, ọ, ṣ ní ìwọ̀n 10. Ẹ kà wọ́n láàárín, kí ẹ tún kà wọ́n ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó mú owó jáde.