Àrokò Inú Ọpọlọ: Ìdí tí Kókó fi Ń Padà

Bí ẹni tí kò ní wárápá láti kékeré bá ṣàdédé ṣubú lulẹ̀ lẹ́ni ọdún 40, ní Idigny gẹ́gẹ́ bí ní ìlú Yorùbá mìíràn, ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni pé: ta ni ó fi ṣe é? A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí ó le jù ú lọ, èyí tí ẹbí ń bi ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ṣebí dókítà ti yọ kókó náà, kí ló dé tí ó tún padà? Èyí ni a fẹ́ dáhùn, nítorí ibi tí a kò bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni a máa ń fẹ̀sùn kàn, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe ìyá àgbà ilé.

Èyí tí ó burú jù nínú àwọn kókó ọpọlọ ni glioblastome. Kò dá dúró sójú kan bí ekùrọ́ inú èèpo rẹ̀. Bí èkan oko ni ó rí: a fa ewé rẹ̀ tu, gbòǹgbò ti rìn lábẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí ojú rí.

Báwo ni ó ṣe ń rìn? Àwọn àgbà wa mọ àrokò, owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lójú ẹlòmíràn, owó ẹyọ lásán ni. Ara wa náà ń ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà tíntìntín tí èdè Faransé ń pè ní chimiokines ni àrokò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ní ilẹ̀kùn tí ó bá a mu nìkan ni ó lè gbà á, yóò sì gbéra lọ síbi tí ó ti pọ̀ jù, bí ọmọdé ti ń tẹ̀ lé òórùn àkàrà dé ìdí agbada. Òun ni ó ń darí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lọ sójú egbò. Òun náà ni ó ń fi ibùdó han sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún.

Kókó burúkú a máa jí ètò yìí lò. Ilẹ̀kùn tí a ń pè ní CXCR4 pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ sì ń tú àrokò CXCL12 jáde. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín kù láàrin kókó, ilẹ̀kùn wọ̀nyí a tún pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì a sì máa tọ ẹ̀gbẹ́ iṣan lọ. Kí oníṣẹ́ abẹ tó mú ọ̀bẹ, àwọn kan ti kọjá ibi tí ọ̀bẹ lè dé, nítorí a kì í gé ọpọlọ bí ẹni ṣán oko: ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ wà ń bẹ níbẹ̀, ibi tí agbára ọwọ́ wà ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àrokò CCL2. Kókó fi í ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ogun ara, wọ́n dé, wọ́n sì di òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè tó ìdámẹ́ta kókó náà.

Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀kan tí ń jẹ́ Duffy máa ń gba chimiokines, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní in lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ìdí nìyí tí ibà Plasmodium vivax, tí ń da Éṣíà láàmú, fi ṣọ̀wọ́n láàrin wa: kò rí ilẹ̀kùn kàn.

Nígbà kan, àwọn kan gbà pé kókó ọpọlọ ṣọ̀wọ́n lára aláwọ̀ dúdú. Latunde Odeku, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ní 1962, tí ó sì kú ní 1974, wà lára àwọn tí ó kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Láti 2005, iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn témozolomide ni a ń lò pọ̀. Síbẹ̀ ìdajì aláìsàn kì í kọjá nǹkan bí oṣù 15. Plérixafor, oògùn tí ń ti ilẹ̀kùn CXCR4, ni a ti dán wò lára àwọn aláìsàn díẹ̀, kò sì tíì di ìtọ́jú glioblastome.

Orí fífọ́ tí ń le ní òwúrọ̀ pẹ̀lú èébì, wárápá tí ó dé lágbà, apá kan tí ń rọ: sikánà ni ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí oṣù tó gorí oṣù. Kì í sì í ṣe gbogbo kókó tí sikánà bá fi hàn ni jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ́ ọmọ aràn ẹlẹ́dẹ̀ tí ó gun orí, ó lè jẹ́ ikọ́ ife, àwọn méjèèjì sì ní oògùn.