Afinápamọ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwọn Atúnrédíòṣe

Ẹ̀yà kan wà nínú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kàpásítọ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì ni ó ní, tí ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá sì wà láàárín wọn. Iná mànàmáná tí ó bá wọ inú rẹ̀ lè dúró síbẹ̀ títí yóò fi rí ọ̀nà jáde. Kì í ṣe bátìrì: èròjà inú bátìrì ni ó ń mú iná wá, ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ kò lè fúnni ju ohun tí a fún un lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó lè kọ́kọ́ síni lọ́kàn ni ‘apanámọ́’. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ‘apaná’ yóò rántí panápaná. Ọmọ-iṣẹ́ sì lè rò pé iná ti kú níbẹ̀. Àṣìṣe yìí léwu. Níbi tí iná ilé bá jẹ́ 230 fólítì, kàpásítọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n mìíràn máa ń gba góńgó iná náà, èyí tí ó tó nǹkan bíi 325 fólítì. A lè ti yọ wáyà kúrò lára ògiri kí èyí ṣì wà níbẹ̀, kí ó sì pa ènìyàn.

‘Afinápamọ́’ ni ó yẹ. Ohun tí a fi pamọ́ kò tíì tán, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni ìkìlọ̀: kí a kọ́kọ́ tú iná inú rẹ̀ jáde nípasẹ̀ résítọ̀, kí a fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó fọwọ́ kàn án.